Igbe Lubabah Ló Wà Lópin Orin Náà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀mí tó bọ́. Kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀yin ará àdúgbò Ìjemò sì ń pè mí ní Láwàlì olóore. Irọ́ ni. Ìkà ni mí.

Ẹ mọ orin ìfẹ́ tó parí fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n yà ní Abẹ́òkúta níbí ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, èyí tó jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà ló ń dún nínú rẹ̀. Lubabah, ọmọ Alhaja Haleemah aláró, ló ṣe é, òun ló sì kọ ọ́. Kíbọ́ọ̀dù ni tèmi, ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu káàkiri pé èmi ni mo ni orin. Kamaldeen tó ni fíìmù wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bọ̀dá Láwàlì, orúkọ Lubabah la máa gbé síta o. Bọ́tìnì lẹ kàn ń tẹ̀." Lubabah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán! Mo ní lọ́kàn mi pé bí ohùn rẹ̀ bá lọ, a ó mọ ẹni tó lorin.

Ìkòkò aró méjì ló wà nílé wọn. Omi eérú ni wọ́n fi ń pò ti àtijọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Sódà tó ń jó ẹran ara ni wọ́n ń dà sí èkejì, ìyẹn kì í kan ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé máíkì lọ, mo ní mo fẹ́ gba ìró aṣọ tí wọ́n ń lù sílẹ̀, ká fi ṣe ìlù orin. Bí Alhaja ti yíjú, mo da sódà sínú ìkòkò eérú. Lubabah fi igbá bu aró. Mo lè pariwo. Mi ò pariwo. Ó dà á sẹ́nu.

Ẹ̀jẹ̀ àti aró jọ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ètè rẹ̀ ń bó. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tún ké mọ́ títí dòní. Èmi ni mo gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù, ẹ̀yin sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Máíkì ṣì wà ní títàn. Mo mú igbe yẹn, mo fi kọ̀ǹpútà fà á gùn, mo tò ó sópin orin, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ti dì mọ́ra wọn. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń pàtẹ́wọ́.

Lánàá, Alhaja gbé ògì wá fún mi. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lu ògiri títí tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. "Láwàlì ọmọ mi, ọdún mẹ́fà rèé. Ọwọ́ yìí ló ṣèèṣì da sódà síbi tí kò yẹ. Èmi ni mo pa ohùn ọmọ mi."

Lubabah, mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́. Alhaja, bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ dárí ji ọwọ́ yín. Kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ni.