Gírísì Tí Mo Fi Pa Bíréèkì Lẹ́nu Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn yẹn dé, kí gbogbo yín jókòó. Fẹ̀hìntọlá, ọmọ àbúrò mi, gbé àgbo yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀ṣuntókun, alájọgbélé mi, sún mọ́ mi díẹ̀, torí ohùn mi kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Mùíbì, má tíì dìde. Mo mọ̀ pé àsìkò ìrun ti ń sún mọ́, ṣùgbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ, ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ara mi ti sọ fún mi pé a kò ní í jọ rí ìkórè kòkó ọdún yìí. Ohun kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́. Kò dà nínú mi, n kò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí bí mo bá dúró, ó lè jẹ́ pé n kò ní í lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ọdúntán Fítà ni gbogbo Alékùwódò mọ̀ mí sí. Wọ́n máa ń sọ pé mi ò kì í purọ́ fún oníbàárà. Ẹ ò rí i pé ayé ò mọ nǹkan kan! Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú lórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ, ilé mi dákẹ́. Àwọn onímọ́tò á dé, wọ́n á ní, "Fítà, ṣé ó ti parí?" Wọ́n á gba ọkọ̀ wọn, wọ́n á lọ. Kò sí ẹni tí ń bi mí bóyá mo jẹun. Ó tó ìgbà kan tí mo máa ń bá jáàkì, irin tí mo fi ń gbé ọkọ̀ sókè, sọ̀rọ̀, tí mo máa ń kí i kú iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá dá gbé rí kò lè mọ bí ilé ṣe ń tóbi mọ́ni lára.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Mùíbì bá mi. Awakọ̀ ni í ṣe nígbà náà fún Oyèṣọlá, òṣómàáló kan tí ó ń ti Iléṣà wá ta aṣọ àwìn ní agbègbè wa. Ọkọ̀ dúdú kan ni wọ́n ń gùn, ó ti wà láti ìgbà ogun Hítílà, òyìnbó kan tí ó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún Oyèṣọlá. Ọkọ̀ náà dára lójú, ṣùgbọ́n bí Mùíbì bá ti fẹsẹ̀ kan bíréèkì, igbe ni. Ó ń han bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Àwọn èèyàn á kó sójú ọ̀nà láti wò ó. Oyèṣọlá sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu òógùn, ó ní, "Fítà, ọkọ̀ yìí ń dójú tì mí. Bí mo bá wọ ulé àna mi, wọn á ti gbọ́ mi láti òkè odò." Ó ní kí n wá ariwo náà rí, ó sì bá ti aṣọ rẹ̀ lọ.

Wíwá ariwo bíréèkì kì í ṣe iṣẹ́ ojú, iṣẹ́ etí ni. Mo ní kí Mùíbì máa wa ọkọ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, èmi dúró lórí irin ẹsẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹ orí wálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ké. Ó tún tẹ̀ ẹ́. A ṣe é títí mo fi mọ̀ pé iwájú lápá òsì ni. Mo fi jáàkì gbé e, mo tú táyà, mo yọ irin ràbàtà tí ó bo ìdí rẹ̀. Eruku ọ̀nà Iléṣà ti dì sínú rẹ̀ gbagidi. Mo gbá a, mo fi sáńpépà ha awọ bíréèkì, ìyẹn awọ líle tí ó máa ń há mọ́ irin kí ọkọ̀ tó dúró. Ariwo náà lọ. Gbogbo àkókò yìí, Mùíbì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń bó obì, ó ń sọ fún mi nípa Bánkẹ́, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣaya. Nígbà tí ó yá, ó kàn wò mí, ó ní, "Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Mo ní n kò tíì jẹ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ ra àkàrà àti ẹ̀kọ wá, a jọ jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò rọ̀, ariwo náà padà, Mùíbì padà. Inú mi dùn débi pé ojú tì mí. Mo tún tú táyà, mo sì rí òkodoro rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Awọ náà ti jẹ tán, orí ìṣó tó dè é mọ́lẹ̀ ti yọ síta, òun ló ń ha irin tí ó ń ké. Tuntun ló kù kí a fi sí i. Mo sọ fún Mùíbì pé màá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, mo sì ránṣẹ́ lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé kíá, mo lọ gbà á ní tésàn, mo sì tì í sábẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi. Nígbà tí Mùíbì tún dé, tí ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n ti fi ránṣẹ́?" mo ní, "Kò tíì dé o." Mo fi gírísì díẹ̀ ra orí ìṣó náà, ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé bí ọ̀nà bá ti sun gírísì náà tán, á tún ké, Mùíbì á sì tún wá. Gírísì lára bíréèkì! Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ lánàá mọ̀ pé a kì í ṣe é, torí bíréèkì tó bá ń yọ̀ kì í dá ọkọ̀ dúró. Mo ń ṣe é, mo sì ń kọrin sí i. Ó ń wá, a ń jẹun, a ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sùn dáadáa.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ló dé pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Oyèṣọlá ní àlejò tí ó fẹ́ gbé lọ sí Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Bàbá," ó ní, "ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ọ̀gá ní bí ó bá tún ké lójú àlejò òun, òun á gbé e fún fítà mìíràn ní Iléṣà, a ò sì ní í gbé e wá síbí mọ́ láéláé." Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó lọ kírun. Mo jókòó ti àpótí mi. Mo ṣí i. Mo fọwọ́ kan awọ tuntun náà, ìwé tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá fi í sí i, ariwo tán, Mùíbì náà tán. Bí n kò bá sì ṣe nǹkan kan, wọ́n á gbé e lọ. Mo pa àpótí dé. Mo bu gírísì, kì í ṣe díẹ̀ mọ́, mo ra á sí òsì, mo ra á sí ọ̀tún, kí ó ṣáà lè dákẹ́ títí wọ́n á fi délé. Nígbà tí Mùíbì ti mọ́ṣáláṣí dé, ó wà á díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ó mà ń yọ̀ díẹ̀ o, Bàbá." Mo ní, "Bí bíréèkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ní gẹ̀rẹ́ kan tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Iléṣà, àwọn àgbẹ̀ sá kòkó sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin kan, Àpìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ó ń yí kòkó padà, ó kọ ẹ̀yìn sọ́nà. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ọkọ̀ tí ó máa ń ké kí gbogbo ayé sá kúrò lọ́nà, ọjọ́ yẹn kò ké rárá. Obìnrin náà kú lórí ẹní kòkó rẹ̀. Ó ní ọmọ lọ́wọ́.

Àwọn ọlọ́pàá fa ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bí èmi, pé kí n pa á mọ́ títí ọ̀gá tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò á fi dé. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo fi pẹtiróòlù fọ gírísì ara irin dànù. Mo yọ awọ tó ti jẹ tán, tòun ti gírísì ara rẹ̀, mo fi àkísà dì í pamọ́, mo mú tuntun jáde lábẹ́ àpótí, mo fi í sí i. Ohun tí ì bá gba obìnrin yẹn là, òun ni mo fi bo ara mi láṣìírí. Nígbà tí ọ̀gá náà dé, ó ní bíréèkì yìí mọ́, ó ní awakọ̀ ló sáré àsápajúdé.

Wọ́n pè mí sí kóòtù. Mùíbì dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, ó ní, "Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ẹ bi Bàbá Fítà, wọ́n mọ bí mo ṣe ń wakọ̀." Akọ̀wé bi mí ohun tí n ó fi búra, Bíbélì ni tàbí irin. Mo ní irin. Wọ́n wá irin kóòtù títí, wọn kò rí i. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fítà, irin ò ní í ṣàìsí lára tìẹ." Mo ti ọwọ́ bọ àpò, sípánà ni mo fà yọ. Sípánà tí mo fi tú táyà náà. Mo fi ahọ́n kàn án, mo fi Ògún búra pé àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn ni awọ tuntun dé, pé mo fi í sí i kí Mùíbì tó ti mọ́ṣáláṣí dé, pé bíréèkì ọkọ̀ náà pé. Mo ṣì ń tọ́ irin yẹn wò lẹ́nu mi lónìí. Wọ́n sọ Mùíbì sí ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, kò bú mi, ó kàn ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀rù Ògún bà mí títí, mo ń retí pé irin kan á pa mí. Kò sí èyí tó pa mí. Ó kàn fi mí sílẹ̀ témi nìkan, nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún irin.

Mo rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Irọ́ ni. Nígbà tí Mùíbì jáde lẹ́wọ̀n, ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ yà sí. Ó ti rù, Bánkẹ́ sì ti wà nílé ọkọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú pé mo fẹ́ fi ẹjọ́ lé yín lórí. Mo ti rò ó títí lọ́hùn-ún. Ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo pa ìyá ọlọ́mọ." Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Ó wá wò mí, ó ní, "Kí lẹ tilẹ̀ jẹ láàárọ̀?" Mo pa ẹnu dé. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní í wá mọ́. Láti ìgbà yẹn, kò di sítiárí ọkọ̀ mú mọ́. Ọmọlanke ló ń tì. Bí a bá jọ jókòó, mo máa ń rí i tí ó ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, tí ó ń dán an wò. Òun ló sì ń gbé oúnjẹ wá fún mi láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀. Àárọ̀ yìí náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹun.

Fẹ̀hìntọlá, fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn síta. Ohun tí mo fi àkísà dì nínú rẹ̀, gbé e fún Mùíbì. Awọ bíréèkì àtijọ́ náà nìyẹn, gírísì ṣì wà lára rẹ̀, orí ìṣó rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú un lọ fún ọlọ́pàá, ẹ mú un dé ilé àwọn ọmọ Àpìkẹ́, kí ẹ sọ orúkọ mi níbẹ̀. Bí wọ́n bá lè foríjì mí, kí wọ́n foríjì mí. Bí wọn kò bá lè ṣe é, wọn kò jẹ̀bi. Mùíbì, n kò ní kí o má bínú. Bí o bá fẹ́ dìde báyìí, dìde, ilẹ̀kùn nìyẹn, n kò ní í pè ọ́ padà. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kó o tó lọ, ọmọ mi, torí ó pẹ́ tó ti yẹ kí o gbọ́ ọ. O tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ ẹ́.