Èmi Ni Mo Tú Àṣírí Ẹgbẹ́ fún Ọnọ́rébù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ayé ìjọba alágbádá. Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá Àgbowó lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìyẹn ni mi ò fi lè pa á mọ́ra mọ́.

Tíṣà ni mí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà. Omi ẹ̀rọ là ń bèèrè. Ọnọ́rébù tí a dìbò fún ti ṣèlérí rẹ̀, àmọ́ bó ṣe dé ilé aṣòfin báyìí, ó gbàgbé wa. A ránṣẹ́ títí, kò fèsì.

Alága wa ìgbà náà, ìyá aládùúrà kan, ló ní, "A ò ní ju òkúta, a ò ní pariwo. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sẹ́nu géètì rẹ̀ ní Bódìjà. Ẹni yòówù tó bá kí wa nílé yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Ṣebí òun náà ò dá wa lóhùn." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní irú ìjà wo nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ọ̀nà Òjòó lọ́hùn-ún ni mo ti ń kọ́ni, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn mi. Ọnọ́rébù ti ní òun á bá mi sọ ọ́ kí wọ́n gbé mi wá sí ìtòsí. Ẹ̀rù bà mí pé ìjà yìí á bà á jẹ́. Mo yọ́ lọ bá a, mo sọ ọjọ́ tí a ń bọ̀ fún un.

Nígbà tí a débẹ̀, géètì ti wà ní títì. Mẹ́gàadì ní ọ̀gá ti lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀ ń bọ̀." Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Rísì, nítorí pé ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ọnọ́rébù. Kò sẹ́ni tó wo èmi.

Síbẹ̀, wọn ò padà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, obìnrin rẹpẹtẹ, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyá ọnọ́rébù, arúgbó, jáde sí wa. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Màmá tún kí wa. Páà! Ẹ̀yin ará, orí mi wú. Mo ti rí ọlọ́pàá pẹ̀lú ìbọn rí, mi ò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Màmá kígbe sínú ilé: "Ọmọ mi, jáde! Kí lo fi ṣe wọ́n tí wọn ò fi dá mi lóhùn?" Màmá bá tú gèlè orí wọn, wọ́n jókòó tì wá.

Háà! Ọnọ́rébù tó lọ sí Èkó yọ láti inú yàrá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wa. Mi ò mọ̀ pé àwa tí a ò ní ju ìbò lọ lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí omi fi dé Àgbowó. Àwọn ológun ti gbàjọba báyìí, omi náà ṣì ń yọ.

Àmọ́ ẹgbẹ́ lé Ìyá Rísì. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn mọ́. Ó búra títí, wọn ò gbà. Èmi tí mo mọ òótọ́, mo dákẹ́. Yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà," èmi náà á sì kọjá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ń tì mí gan-an.

Lánàá, ó wá sí pálọ̀ mi. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Alága wa, mo gbà pé èmi ni mo ṣe é. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa dá mi lóhùn."

Mo sáré gbé e dìde, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu mi títí ó fi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ òótọ́ lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ Àìkú, ṣé ẹ rò pé ẹnikẹ́ni á tún dá èmi lóhùn ní Àgbowó?