Mólò tí Mo Rì Sínú Ebè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Sálífù ará Bassila wá kí wa ní Manigri. Ìyàwó mi fi ọmọ odó lé e jáde, ó ń pè é ní olè. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Olè náà, èmi ni.

Mólò Àlàó ọmọ mi ni mo jí: igbá tí wọ́n fi awọ bò, okùn méjì tí wọ́n ń ta sí orin ló wà lára rẹ̀. Ìgbà yẹn, a ò tíì rí òyìnbó kankan lápá ibí. Ọ̀dọ̀ àwọn olóbì, àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò tó máa ń sọ̀ ní Bassila, ni Àlàó ti kọ́ ọ, Sálífù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì fún un. Gbogbo ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn orin tuntun yẹn. Àwa àgbà ò fẹ́ ẹ. Kí ọkùnrin máa kọrin pé inú òun bàjẹ́, orin wo nìyẹn?

Lẹ́yìn náà ni ibà pa Àṣàkẹ́, àbúrò Àlàó. Òfò ni. Nílé wa, a kì í kọrin òfò, òbí kì í sì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Wọ́n sin ín, mo gbé ọkọ́, mo lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi náà ṣe nígbà tirẹ̀.

Àlàó ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá wa kọ ebè, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń ta mólò: “Àṣàkẹ́, àwo omi rẹ wà níbi tó o gbé e sí.” Wọ́n ń gbè é, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń kọ ebè.

Mo jágbe mọ́ ọn: “Ṣé ìwọ nìkan ni èèyàn kú fún?”

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ sunkún.”

Mo sọ fáwọn èèyàn pé ojú ló tì mí tí mo fi jágbe. Irọ́ ni. Omi ti ń bọ̀ lójú mi, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tí Àlàó lọ wẹ̀ lódò, mo tú ebè kan, mo ri mólò sínú rẹ̀, mo gbin iṣu lé e lórí. Ta ni yóò tú ebè tí wọ́n ti gbin iṣu sí? Nígbà tó dé, mo ní Sálífù ló wá gbà á padà. Àlàó sáré lọ sí Bassila, Sálífù ti bá àwọn olóbì lọ. Ó tọ ọ̀nà wọn gba Alédjo, kò sì padà títí dòní. Nígbà tí Sálífù padà dé, ó ní àwọn ò pàdé.

Nígbà tí iṣu ta, èmi nìkan ni mo wa ebè yẹn. Iṣu ti ta wọ inú igbá mólò, ó kún un, ó fọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún àwọn ọmọ mi méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé ìyá wọn ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí kí n lọ bẹ Sálífù? Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Alédjo, bí ẹ bá rí Àlàó, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ ní èmi ni mo mú mólò rẹ̀. Ẹ ní àwo omi Àṣàkẹ́ ṣì wà níbi tó gbé e sí. Èmi ni mo ń pọn omi sí i.