Àwòrán Opó Inú Òtútù

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn àdúrà aago mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run nítorí Ṣadé tí ikọ́ ti dá dùbúlẹ̀, àti nítorí ìyá rẹ̀ àgbà tí ẹ lé kúrò nínú ìjọ pé òun ló ń pa ọmọ náà jẹ. Orí ìkúnlẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní, "Dìde, tẹ̀ lé mi."

A kọ́kọ́ dé ibi ìsinmi. Omidan òyìnbó kan jókòó sínú oòrùn, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo fẹ́ yọjú wò ó.

"Má wò ó," ni amọ̀nà mi wí. "Wọ́n ti wò ó tó. Òun ni wọ́n fi ya opó inú àwòrán ìwé àtijọ́ tí ọkọ rẹ wò ya tirẹ̀, èyí tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri ìjọ yín."

Lẹ́yìn náà a sọ̀kalẹ̀. Òtútù ibẹ̀ burú ju iná lọ. Ayàwòrán tó kọ́kọ́ ya opó náà, láyé ọbabìnrin òyìnbó tó pẹ́ lórí oyè, dúró ní ìhòòhò lórí yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó fà á, awọ ṣẹ́kù sílẹ̀, ó ké, awọ mìíràn hù, ó tún fà á, èmi náà ké, n ò gbọ́ ohùn ara mi.

Àwọn ẹ̀mí èṣù jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. "Ọ̀gá, ẹ má mira! Ó ku díẹ̀! Ẹ ṣojú àánú, kí àwọn èèyàn lè sunkún!"

Amọ̀nà mi ní, "Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ sí òtútù ló mú ọmọbìnrin yẹn dúró sí láìwọ bàtà, títí àyà rẹ̀ fi bàjẹ́. Gbogbo ìlú sì yìn ín pé ó láàánú tálákà."

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lọ ọ̀dà lórí òkúta, eegun ti yọ.

"Ìyàwó rẹ̀ ni. Òun ló ń bá a ṣí fèrèsé."

Obìnrin náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tólú, omi tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó tutù dáadáa?"

Mo jí.

Ẹ̀yin ará, kò sí àjẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yìnyín ò sí níbí, ọkọ mi bá sọ ọ́ di òjò nínú àwòrán tirẹ̀. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ó mú Ṣadé dúró bí opó náà sẹ́yìnkùlé wa láti àárọ̀ di ọ̀sán kó lè yà á. Èmi ni mò ń da omi sí i lára, igbá méjìdínlógún, mo kà á. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara mi ń gbọ̀n." Mo ní kó má mira.

Ẹ lọ mú ìyá àgbà wá kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì kúnlẹ̀ fún un. Ẹni tó bá mọ òótọ́ tó dákẹ́, mo ti rí ibi tí wọ́n ń fi í sí.

Bàbá Tólú, ẹ jókòó. Mi ò tíì parí.