Ìwé Ìdìbò Tí Mo Ní Kí Suntali Ṣẹ́po

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Lapsibot. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti tán, n ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí odò tí ẹ ó ti sun òkú mi. Suntali, sún mọ́ mi, ìwọ gan-an ló kàn.

Ẹ rántí ìdìbò ọdún tí wọ́n tú ilé ìgbìmọ̀ ká lójijì. Èmi tíṣà yín ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ibùdó ìdìbò wa. Okùn irin la fi ń fa ara wa sọdá odò nígbà náà, ẹgbẹ́ alágboòrùn, àwọn tí agboòrùn jẹ́ àmì wọn lórí ìwé ìdìbò, sì ṣèlérí afárá, ni gbogbo wa bá ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ kejì wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ipò ọ̀gá ilé ìwé ṣófo nílùú. Ẹ má fọwọ́ kan àpótí o. Ẹ ṣáà máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ìwé po." Ojúkòkòrò mi ló gbà, kò sẹ́ni tó fi tipá mú mi.

Òǹtẹ̀ la fi ń dìbò, tàdáwà rẹ̀ kì í tètè gbẹ. Béèyàn bá ṣẹ́ ìwé náà po sódì, òǹtẹ̀ á tún hàn lára àmì ẹgbẹ́ mìíràn, ìbò á di òfo. Suntali fura. Ó ní, "Tíṣà, ó ṣì tutù, ṣé kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i?" Mo ní, "Ṣẹ́ ẹ po báyìí, jàre. Ṣé ìwọ nìkan lo wá dìbò ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí mo ṣe wí.

Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbò mẹ́tàlélógójì ni èèyàn wa fi fìdí rẹmi. Ẹgbẹ́ alágboòrùn ló ṣì ní àga jù, ṣùgbọ́n ó ku àga kan péré kí wọ́n lé ní ìdajì, àga tiwa yẹn ni ì bá sì dí i. Wọ́n gbé ìjọba náà kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù para pọ̀ tì í ṣubú kí ọdún tó yí po, afárá sì bá a lọ. Lásìkò òjò tó tẹ̀ lé e, okùn irin já. Maiti, ọmọbìnrin Suntali, wà lórí rẹ̀, ó ń lọ bímọ lódìkejì.

Èyí tó burú jù rèé. Suntali wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní àwa tí ò mọ̀wé la ba ìbò jẹ́. Ọwọ́ mi ló pa ọmọ mi." Mo wò ó lójú, mo ní, "Má sunkún mọ́, àìmọ̀wé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Èmi ni mo dárí jì í! Láti ìgbà náà, gbogbo ọdún Dasain ló ń wá tẹríba kí n fi ìrẹsì pupa sí i níwájú orí, kí n súre fún un. Mo sì ń súre.

Suntali àbúrò mi, ọwọ́ rẹ mọ́. Tí mo bá rí Dasain tó ń bọ̀, má wá tẹríba fún mi mọ́. Dárí jì mí, bí o bá lè ṣe é. Bí o ò bá lè ṣe é, kí ẹnikẹ́ni níbí má ṣe bẹ̀ ọ́.