Yàrá Tí Wọ́n Ti Gbà Sílẹ̀ De Máníjà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ju ohun tí èmi nìkan lè dá gbé mì.

Ẹ mọ̀ pé mò ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ wo ọmọ mi tó bímọ. Yàrá kan péré ni òun àti ọkọ rẹ̀ ní, ni mo bá gba yàrá sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Àfi bí àgbàrá ṣe wó afárá níwájú ọkọ̀ wa. Mo pe máníjà wọn, Fẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà ti já, mi ò lè dé lónìí."

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá o, ẹ ò wá o, a ó gba owó wa. Òfin wa nìyẹn."

Wọ́n sì yọ owó yàrá náà ní báńkì mi. Opó kan ní abúlé tó wà létí odò ló tẹ́ ẹní fún àwa èrò ọkọ̀, ó fún wa ní ẹ̀kọ gbígbóná, kò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo délé, báńkì ní kí n lọ bá òtẹ́ẹ̀lì. Òtẹ́ẹ̀lì ní kí n lọ bá àwọn tó bá mi gba yàrá lórí fóònù. Àwọn yẹn tún ní báńkì ni. Ọ̀rọ̀ náà sé mi mọ́ bí ẹran inú ọgbà.

Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, oorun gbé mi. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tẹ̀lé mi." A wọ ilé kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò lópin, tó gbóná bí inú ààrò. Mo rí àwọn òpùrọ́, ahọ́n wọn wú dí wọn lẹ́nu. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n so ẹ̀yìn wọn pọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn tó sùn sórí ibùsùn irin tó pọ́n yòò. Bí wọ́n bá dìde, ibùsùn á bá wọn dìde.

Amọ̀nà mi ní, "Wọ́n gba owó ohun tí wọn kò fúnni, wọ́n sì kọ etí ikún sí ẹni tó ń ṣàlàyé."

Ibùsùn kan ṣófo láàárín wọn. Orúkọ Fẹ́mi ló wà lára rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí amọ̀nà mi mọ́, ilẹ̀kùn ti tì, mo gbá a, mo sáré dé òmíràn, yàrá kan náà ni, ooru ń bọ̀, mò ń ké pé, "Kì í ṣe èmi! Ibùsùn mi kọ́!" ohùn mi ò jáde, Jésù, ohùn mi ò jáde!

Ọwọ́ kan fà mí yọ. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí mi. Mo rí àwọn olóòótọ́ tí wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀, àárẹ̀ ò sí lójú ẹnì kankan. Ilé kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Amọ̀nà ní, "Ti opó yẹn ni. Ìgbà yòówù kó dé, kò pẹ́ jù."

Mo jí, òógùn bò mí. Mo pe Fẹ́mi, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé yàrá tí wọ́n gbà sílẹ̀ dè mí yẹn ṣeé fagi lé?"

Mo ní, "Ọmọ mi, lónìí ó ṣeé ṣe. Mi ò mọ ti ọ̀la."

Ẹ̀yin ará, ó ti dá owó mi padà láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ń wá àwọn yòókù tí òun gba owó wọn bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó jókòó síbí tí owó ẹni ẹlẹ́ni wà lọ́wọ́ rẹ, ta lò ń dúró dè?