Orúkọ Tí Alàgbà Dàpọ̀ Tà

"Yétúndé, fi oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ná, kí o jókòó. Òótọ́ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ gbé wọ sàréè." Orí ibùsùn ni Alàgbà Dàpọ̀ ti sọ ọ́, nínú yàrá rẹ̀ ní GRA, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà sì ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ikú ló ń dẹ́rù bà á. Ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi àná ni. Orí fóònù ló ti gbọ́ ọ. Pásítọ̀ fi Yétúndé ṣe àpẹẹrẹ lójú gbogbo ìjọ, ó ní kí wọ́n wo ohun tí ojú arábìnrin wọn rí nígbà tó lọ bá àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pawọ́ pọ̀ nídìí òṣèlú. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Alàgbà náà ṣe àmín lórí ibùsùn. Bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ láàárín wọn pé kì í ṣe mùsùlùmí ló ta Yétúndé.

Ará Ọ̀mù-Àrán ni òun àti Yétúndé. Tísà ni Yétúndé, bàbá rẹ̀ sì ti kú kó tó lọ́kọ, Alàgbà yìí ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Bàbá ló máa ń pè é, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bíi bàbá. Nígbà tó sọ pé òun fẹ́ díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, Alàgbà mi orí. Ó ní, "Ìṣèlú dọ̀tí, ọmọ mi. Tiwa ni ká máa gbàdúrà fún wọn."

Yétúndé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, láti ìgbà tí mo ti dáyé la ti ń gbàdúrà fún ìjọba. Òrùlé kíláàsì mi ṣí, ó ṣì ṣí síbẹ̀. Bóyá Ọlọ́run ń wá ẹni tó máa lọ bá wọn jókòó ni."

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọkùnrin tó ní ìṣèlú dọ̀tí yìí ti mọ ọ̀nà pálọ̀ Ọ̀nọ́rébù Olúwatóyìn, ẹni tó wà lórí àga tí Yétúndé fẹ́ du, dunjú. Ọ̀nọ́rébù ti ṣèlérí pé òun máa fi í ṣe agbaninímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àwọn Kristẹni. Láti ìgbà tí Alàgbà ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ń sáré ṣí géètì fún un mọ́ ní ọ́fíìsì kankan, ìyẹn sì ń dùn ún wọra. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, géètì ló ń wá kiri!

Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan ńlá máa ń gbé kókó àdúrà rẹ̀ lọ bá Alàgbà, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ afàdúràjagun. Alàgbà kì í sì í gba àdúrà oréfèé. Á ní kí o dárúkọ, kí o sọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀, kí òun lè pè é bó ṣe ń jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Yétúndé kúnlẹ̀, ó dárúkọ. Hàlímọ̀tù, elélùbọ́ tó wà ní ọjà Ìpàta, ìyá Bàríkísù tí Yétúndé kọ́ níwèé. Òun ni aṣáájú àwọn obìnrin tó máa dìbò abẹ́lé nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí Yétúndé àti Ọ̀nọ́rébù jọ wà. Ọ̀nọ́rébù gbà pé tòun ni gbogbo wọn, àmọ́ wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà pé Yétúndé làwọn máa dìbò fún. Yétúndé ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ba tiẹ̀ jẹ́."

"Mo gbọ́wọ́ lé ọ lórí, mo gbàdúrà," Alàgbà sọ fún un lórí ibùsùn náà. "Bí o ṣe jáde, mo pe Ọ̀nọ́rébù. Mo ní, 'Hàlímọ̀tù tó wà ní Ìpàta, ẹ ṣọ́ ọ.' Mo sọ fún ara mi pé mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ olè!"

Kí ìdìbò tó dé, wọ́n ti fi àwọn ẹlòmíì rọ́pò Hàlímọ̀tù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Títí di òní, etí títì ló ń pàtẹ sí. Yétúndé fìdí rẹmi, Ọ̀nọ́rébù padà sórí àga, kò sì gbé ìpè Alàgbà mọ́.

Ọwọ́ Yétúndé kò tíì kúrò lára abọ́. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Hàlímọ̀tù..."

"Èyí tó burú jù nìyẹn. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ tí o sunkún wá, tí o ní kí n bi Ọlọ́run léèrè ẹni tó tú àṣírí, mo pa ojú dé. Mo ní Olúwa fi ojú obìnrin náà hàn mí, pé òun ló lọ tú àṣírí yín kó lè rí ojúrere, wọ́n kàn já a kulẹ̀ ni. Mi ò rí nǹkan kan, Yétúndé. Mo gbé irọ́ mi lé Ọlọ́run lẹ́nu, kí o má bàa wo ọ̀dọ̀ mi."

Yétúndé dìde. Ó tún jókòó. "Obìnrin yẹn wá sílé mi," ó ní. "Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń pariwo, 'Tísà, wàlláhì, mi ò bá ẹnì kankan sọ ọ́! Àbí ẹ̀yin lẹ tà mí?' Mi ò ṣílẹ̀kùn. Mo ní kó máa lọ, pé n kò ní bá ẹlẹ́sìn wọn da nǹkan kan pọ̀ mọ́ láyé mi. Bàbá, mo fi ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀!"

"Foríjì mí. Wá, jẹ́ ká gbàdúrà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó wà láàárín àwa méjèèjì, nítorí orúkọ ìjọ."

Ẹ ò rí i? Ó ń jẹ́wọ́, ó sì tún ń wá ibi tí ó máa fi ìjẹ́wọ́ náà pamọ́ sí. Omijé bọ́ lójú Yétúndé. "Ká ní Ọ̀nọ́rébù ló ronú ẹ̀, ǹ bá gbà pé ìṣèlú ni. Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún. Ìṣèlú kọ́ ló dọ̀tí sí mi lára, Bàbá." Kò gbàdúrà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tí kò tẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ó ṣí sípíkà rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́.

Ariwo ọ̀kadà ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni ohùn Hàlímọ̀tù. "Tísà? Súbúhánàllàhì! Ṣé àlàáfíà ni?"

Yétúndé ní, "Ẹnì kan fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Ó gbé fóònù náà sí ẹnu Alàgbà. Alàgbà sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àdúrà, ìpè, ìran èké. Ó ní kí obìnrin náà dárí ji òun nítorí Ọlọ́run.

"Bàbá, ẹ má bínú, ta ni yín?" Hàlímọ̀tù ní.

"Dàpọ̀ ni mò ń jẹ́. Alàgbà ìjọ ni mí."

"Alàgbà. Mi ò mọ̀ yín rí o. Mi ò tíì fojú kàn yín rí láyé mi. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Alàgbà yí ojú sí ògiri. Yétúndé kò gbé fóònù náà kúrò.

"Ẹ dá mi lóhùn," Hàlímọ̀tù ní. "Mò ń gbọ́."